Ilé Wo Ló Yẹ Ọmọ Tó Ń Fi Ọwọ́ Sọ̀rọ̀? Ìfiwéra Ọ̀nà Mẹ́rin fún Àwọn Òbí Wa ní England

Bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ ọdún 18 ní England, fáìlì rẹ̀ ní káńsù á kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ọmọdé, á bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó àgbà. Ìyá tó ti ń fọwọ́ sí gbogbo nǹkan láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ á wá gbọ́ pé àṣẹ òun nìkan kò tó mọ́. Àsìkò yìí ni fóònù mi máa ń dún. Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi òde ìgbéyàwó, lórí WhatsApp ní aago méjì òru, ìbéèrè kan náà ni: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, níbo ni ká fi í sí?"

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù àti Kent. Mo ti ṣe é ní care home, mo ti ṣe é ní supported living, mo sì ti ṣe é nínú ilé àwọn òbí tó ń fi owó direct payment (owó ìtọ́jú tí káńsù ń gbé lé ìdílé lọ́wọ́ kí wọ́n fi gba òṣìṣẹ́ tiwọn) gbà mí síṣẹ́. Shared Lives nìkan ni mi ò tíì ṣe fúnra mi, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ kan ń ṣe é, mo sì máa ń jẹun nílé rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin tí mo fẹ́ fi wéra nìyẹn, màá sì ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀. Àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni òbí tí òye ọmọ wọn kì í tètè gba nǹkan, tí ojú tàbí etí ọmọ náà, tàbí méjèèjì, kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn ìpèníjà yìí fẹ́ràn láti máa rìn pọ̀: ìṣòro ojú tó le fi ìlọ́po 10 wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbà tó ní ìpèníjà òye ju láàárín àwọn yòókù lọ. Òfin England ni mo ń tọ́ka sí o. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní tiwọn.

Ohun tí ẹ ó fi wọn ilé

Ẹ má tíì lọ wo ilé kankan. Ilé tó rẹwà máa ń gba òbí lójú. Mo mọ bàbá kan tí ọkàn rẹ̀ fà sí ilé kan nítorí tẹlifíṣọ̀n ràgàjì tó wà ní pálọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí wọ́n ń wá ilé fún kò ríran.

Ohun àkọ́kọ́, tó sì ju gbogbo yòókù lọ lójú tèmi: ta ló gbọ́ èdè ọmọ yìí nínú ilé yẹn?

Ọmọkùnrin kan wà tí mo tọ́jú fún ọdún mẹ́fà. Kò gbọ́ràn rárá, ìmọ́lẹ̀ fírí ló ń rí ní ojú ọ̀tún. Kò là ẹnu sọ̀rọ̀ rí, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí kò bá wa sọ̀rọ̀. Tí a bá fi kànrìnkàn kékeré sí i lọ́wọ́, ó mọ̀ pé ìwẹ̀ ló kàn. Ègé bẹ́líìtì ọkọ̀: a ń jáde. Ṣíbí onígi: oúnjẹ ti délẹ̀. Nínú ìwé, objects of reference ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwa tí a wà nínú ilé ń pè é ní àpò ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí inú àpò aṣọ kan ni gbogbo rẹ̀ wà, tí a so kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Èmi náà ní orúkọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ mi ni. Á di ọwọ́ mi mú, á fi àtàǹpàkò wá ìlẹ̀kẹ̀ náà kàn, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Ọjọ́ tí okùn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn já sínú bọ́ọ̀sì, àlejò ni mo jẹ́ fún un títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ẹ́jẹ́ńsì tó ń yá ilé ní òṣìṣẹ́ rán ẹnì kan wá. Kò sẹ́ni tó fi àpò yẹn hàn án, òun náà kò sì bèèrè. Ó gba ẹ̀yìn fa ọmọ yìí lápá, ó di balùwẹ̀. Ọmọ gé e jẹ. Ohun tí òṣìṣẹ́ náà kọ sínú ìwé ọjọ́ náà ni pé ọmọ hùwà ipá. Nígbà tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di mẹ́ta, dókítà ti ń sọ̀rọ̀ oògùn tó ń mú kí èèyàn dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó sì kọ ọ́. Oṣù mẹ́rin la fi jà kí wọ́n tó gbà á kúrò. Ọmọ tí a ń sọ yìí kàn fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń fà á lọ ni.

Nítorí náà, níbikíbi tí ẹ bá dé, ẹ bi wọ́n báyìí: "Ẹ fi hàn mí bí ẹ ó ṣe sọ fún un pé oúnjẹ ti délẹ̀." Ẹni tó mọ̀ ọ́n á na ọwọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á lọ mú fáìlì wá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n mú rota (ìwé tó ń sọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́) ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá wá, kí ẹ ka iye orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ dá èèyàn mọ̀, òṣìṣẹ́ mẹ́jọ pọ̀ tó. Ọgbọ̀n ti di ọjà. Ẹ bèèrè ti òru náà. Ẹni tó bá ń ṣe sleep-in, yàrá ló wà, ó ń sùn. Ẹni tó bá ń ṣe waking night, ó lajú sílẹ̀. Ọmọ tí wárápá máa ń gbé lóru kò lè fi ti àkọ́kọ́ ṣe. Ní 2022 ni ìjọba ṣí fisà ìtọ́jú fún àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwa, ní July 2025 sì ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tuntun tí wọ́n fẹ́ gba ti òkè òkun wá. Ilé tí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ti ọ̀nà yẹn wọlé, ẹ bi máníjà ohun tó fẹ́ ṣe tí àwọn yẹn bá kúrò. Àwọn kan nínú wa fi ọkàn ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn kan ń ka oṣù títí ìwé á fi jáde. Mo bá oríṣi méjèèjì ṣiṣẹ́.

Ìlera wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọmọ ọdún 14 ni ẹni tó ní ìpèníjà òye ti ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò ara ọdọọdún lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò rẹ̀. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí àwọn tó ń gbé ilé náà ṣe tiwọn kẹ́yìn. Láti 2016 ni NHS England ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní STOMP, tó ń rọ àwọn dókítà pé kí wọ́n yé fi oògùn ọpọlọ pa àwọn èèyàn yìí lẹ́nu mọ́. Máníjà tí kò gbọ́ orúkọ yìí rí, ẹ fura sí i. Kí ẹ sì wo etí àti ojú àwọn tó wà nílé nígbà tí ẹ bá bẹ̀ wọ́n wò. Mo ti ṣí dúrọ́ọ̀ kan rí tí mo bá ẹ̀rọ ìgbọ́ràn nínú apòòwé, bátìrì rẹ̀ ti pa, ẹni tó ni ín sì jókòó ní pálọ̀ tí wọ́n ń pariwo mọ́. Ẹ wo àwo oúnjẹ. Àwo funfun lórí tábìlì funfun pẹ̀lú ìrẹsì funfun, ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ilé tó mọ iṣẹ́ á ti ra àwo aláwọ̀ búlúù tàbí pupa, á ti fi ọ̀dà yẹ́lò sí etí àtẹ̀gùn.

Owó àti ìwé ló kù: ta ló ń sanwó, kí ló ṣẹ́ kù fún ọmọ fúnra rẹ̀, ta ló sì lè ní kó kẹ́rù rẹ̀ jáde? Màá sọ ìyẹn lábẹ́ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí CQC

Àjọ tó ń yẹ ilé ìtọ́jú wò ni CQC, láti 2009. Oríṣi máàkì mẹ́rin ni wọ́n ń fúnni: Outstanding, Good, Requires improvement, Inadequate. Ó di dandan kí ilé lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, gbogbo ìwé àyẹ̀wò sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kà á, ṣùgbọ́n déètì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Máàkì tí wọ́n gbà lábẹ́ máníjà tó ti lọ láti ọdún mẹ́ta, àwòrán àtijọ́ ni.

Àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kò lè gbàgbé Winterbourne View, ilé ìwòsàn kan nítòsí Bristol tí ètò Panorama ti BBC tú àṣírí rẹ̀ ní 2011. Wọ́n ń na àwọn aláìsàn, wọ́n ń fà wọ́n nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti kọ́kọ́ ké sí CQC, wọn ò dá a lóhùn. Ní 2012, òṣìṣẹ́ 11 ló gba ìdájọ́, mẹ́fà nínú wọn sì lọ sẹ́wọ̀n. Ní 2019 ó tún ṣẹlẹ̀ ní Whorlton Hall, County Durham, Good ni máàkì tó wà lára ògiri tiwọn. Torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹ lọ ní aago méje alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí máníjà kò sí níbẹ̀.

Care home

Níbí, yàrá, oúnjẹ àti ìtọ́jú wà nínú àdéhùn kan ṣoṣo, ilé-iṣẹ́ kan ló ń dáhùn fún gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ nìyẹn: tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ mọ ẹni tí ẹ ó di mú, CQC sì ń fún ilé yẹn gan-an ní máàkì. Àwọn tó ń lajú lóru máa ń wà, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn sínú ibi ìwẹ̀ wà, ibi tí ó bá sì jẹ́ nursing home, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru.

Iye tí wọ́n ń gbà fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le lè kọjá £2,000 lọ́sẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Tí dúkìá ọmọ fúnra rẹ̀ kò bá tó £23,250, káńsù á dá sí i. Owó ìyá àti bàbá kò sí nínú ìṣirò. Tí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìlera ló gbèrú jù, NHS lè san gbogbo owó náà lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Continuing Healthcare. Níbi tí bàtà ti ń ta ni owó ìrànwọ́ ọmọ: èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á wọ inú owó ilé, nǹkan bíi £30 lọ́sẹ̀ ló ń ṣẹ́ kù fún un láti fi ra súìtì, bàtà, ẹ̀bùn Kérésì. Apá PIP (owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún aláìlera) tó jẹ́ ti ìtọ́jú ojoojúmọ́ á dúró lẹ́yìn ọjọ́ 28 tí káńsù bá ń sanwó, ti ìrìnnà á máa bá a lọ. Tí wọ́n bá ní kí ẹ fi owó kún un kí ọmọ lè gba ilé tí ẹ fẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi káńsù léèrè ilé kan ó kéré tán tí owó tí wọ́n fọwọ́ sí tó fún. Òfin ní kí wọ́n ní in.

Àléébù rẹ̀? Aago ló ń darí ilé. Mo ti wà níbi tí èèyàn mẹ́wàá ti ń jẹ oúnjẹ alẹ́ ní aago márùn-ún, tí wọ́n sì ti wọ aṣọ ìwọ̀sùn kí aago méje tó lù, torí aago mẹ́jọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán ń lọ. Ìlànà CQC fún àwọn tó ní ìpèníjà òye fẹ́ ilé kékeré, èèyàn mẹ́fà tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ di ìyẹn mú ṣinṣin. Fún ọmọ tí kò ríran, èèyàn mẹ́wàá nínú ilé kan túmọ̀ sí ọwọ́ àjèjì, ariwo tí kò mọ ibi tó ti ń bọ̀, àti àga tí kò sí níbi tó wà lánàá. Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe ayálégbé níbẹ̀. Ẹ ka ibi tí àdéhùn ti sọ iye ọjọ́ tí wọ́n lè fún un láti jáde.

Supported living

Èyí ni àwọn káńsù fẹ́ràn báyìí, òun náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi lọ̀ yín. Ọmọ á gba ilé tàbí yàrá ní orúkọ ara rẹ̀, owó ìrànwọ́ ilé á máa san rẹ́ǹtì, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ á sì máa wá tọ́jú rẹ̀. PIP rẹ̀ dúró pé. Owó tó ń wọlé fún un ju £30 lọ dáadáa, ó sì lè fi lọ sí odò ìwẹ̀ tàbí kó fi ra ẹ̀rọ tó ń mì lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan bá tẹ aago ẹnu ọ̀nà.

Lórí ìwé, tí ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú kò bá ṣe dáadáa, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ kí ọmọ má kúrò nínú ilé. Fún afọ́jú tó ti fi oṣù mẹ́fà kọ́ ọ̀nà láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìdáná, ọrọ̀ ńlá nìyẹn. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: àwọn kan wà tí onílé àti olùtọ́jú jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ní ìkọ̀kọ̀, tí pípààrọ̀ ọ̀kan á lé yín lọ́dọ̀ èkejì. Ẹ béèrè ẹni tó ni ilé.

Ohun méjì ló ń gbé mi lọ́kàn níbí. Àkọ́kọ́, CQC kì í yẹ ilé yẹn wò bí ó ṣe ń yẹ care home. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìtọ́jú ara ló ń yẹ̀ wò, ìwé kan ṣoṣo sì lè dúró fún ilé ogún tó wà káàkiri. Máàkì tí ẹ rí lè jẹ́ ti àdúgbò mìíràn pátápátá.

Èkejì ni wákàtí. Nínú ètò ìtọ́jú ẹ ó rí wákàtí tí wọ́n pín fún gbogbo ilé àti wákàtí tí ó jẹ́ ti ọmọ yín nìkan. Bí káńsù bá fẹ́ dín owó kù, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé. Ọmọ tó lè pariwo á rí èyí tó pọ̀ gbà nínú wákàtí àjọlò. Ọmọ tí kò gbọ́ràn, tí kò ríran, tó jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé "ó lo ọ̀sán rẹ̀ dáadáa". Mo ti ka gbólóhùn yẹn títí ó fi sú mi. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye wákàtí tí ọwọ́ ẹnì kan á fi wà nínú ọwọ́ rẹ̀.

Ìwé tún wà. Tí ọmọ kò bá lè lóye àdéhùn ilé, òbí kò kàn lè bá a fọwọ́ sí i. Mental Capacity Act 2005, òfin lórí ẹni tí kò lè ṣèpinnu fúnra rẹ̀, kò gbà bẹ́ẹ̀. Àfi kí Court of Protection, ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀, fún ẹnì kan láṣẹ. Ilé ẹjọ́ yìí kan náà lẹ ó tún bá pàdé tí ìtọ́jú ọmọ bá gba pé kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ààbò rẹ̀. Ní care home, ilé fúnra rẹ̀ ló máa gba ìwé àṣẹ yẹn lọ́dọ̀ káńsù, DoLS ni wọ́n ń pè é.

Shared Lives

Tí mo bá ṣàlàyé èyí fún àwọn àgbà nílé, kíá ló ń yé wọn: alágbàtọ́ ni. Ìdílé kan á gba àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú sínú ilé wọn, á máa bá wọn jẹ, á máa bá wọn lọ ìbí àti ìgbéyàwó, ètò Shared Lives sì ń san owó fún wọn. Wọn kì í gbà ju mẹ́ta lọ nínú ilé kan. CQC ló ń yẹ ètò náà wò. Ètò náà ló ń yẹ ìdílé wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Wọn kì í kánjú so èèyàn pọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ wá mu tíì, lẹ́yìn náà wọ́n á sun ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà òpin ọ̀sẹ̀. Arábìnrin tó wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi gbọ́ràn díẹ̀, kò ríran, òye rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ kékeré. Ọwọ́ méjì péré ló mọ̀ nínú ilé yẹn, ti ọ̀rẹ́ mi àti ti ọkọ rẹ̀. Ó mọ ọjọ́ Sátidé nípa òórùn ẹ̀wà tó ń hó. Rota kò sí, àwọn tuntun kò sí. Lórí òṣùwọ̀n tí mo gbé kalẹ̀ lókè, kò sí ilé tó borí eléyìí.

Ṣùgbọ́n ilé ẹni ni. Tí ọ̀rẹ́ mi bá ṣàìsàn, gbogbo rẹ̀ mì. Ọ̀pọ̀ ìdílé kò mọ èdè ọwọ́ àwọn tó dití tí wọ́n fọ́jú, ẹni tó máa kọ́ wọn kò sì pọ̀. Bí ọmọ yín bá nílò èèyàn méjì láti gbé e, tàbí ó ń jí lóru gbogbo, ìdílé kan kò lè fara dà á. Níye owó, òun ló sábà ń wọ́n káńsù kéré jù, nítorí náà ẹ lè bi wọ́n ìdí tí wọn kò fi dárúkọ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn òbí tí mo bá sọ̀rọ̀ kò tíì gbọ́ ọ rí.

Kí ó wà nílé pẹ̀lú direct payment

Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń tọ̀ láìmọ̀ pé ọ̀nà ni. Ìyá ń ṣe gbogbo rẹ̀, ó sì ń pè é ní àgbélébùú òun. Ẹ̀rù ẹnu ayé wà níbẹ̀ pẹ̀lú: "Wọ́n ti fa ọmọ wọn lé ìjọba lọ́wọ́." Mo ti fi etí ara mi gbọ́ ọ.

Tí yóò bá wà nílé, ẹ gba ohun tó tọ́ sí yín. Lábẹ́ Care Act 2014, káńsù gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ ọmọ wò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ ti ìyá tó ń tọ́jú rẹ̀ wò lọ́tọ̀. Tí ọmọ bá dití tó sì fọ́jú, àní bí kò bá tiẹ̀ jẹ́ pátápátá, ẹni tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ lórí irú ìpèníjà yẹn ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi lẹ́tà béèrè rẹ̀ o, torí sọ́ṣọ̀ wọ́kà tuntun lè má mọ̀. Owó tí wọ́n bá fọwọ́ sí, ẹ lè gbà á, kí ẹ fi gba òṣìṣẹ́ tiyín: ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó mọ̀ pé ọwọ́ ni ọmọ yìí fi ń jẹ àmàlà, tí kò ní fi ṣíbí dá a lóró. Ilé kan wà tí wọ́n ń gba àmàlà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan nítorí pé ó ń "fọwọ́ dọ̀tí ara". Ọwọ́ yẹn náà ni ojú rẹ̀.

Àmọ́ ẹ ti di agbanisíṣẹ́ nìyẹn. Owó oṣù, owó orí, owó ìfẹ̀yìntì, ìṣúra ìbánigbófò, gbogbo rẹ̀ di tiyín. Ẹ kò sì lè fi owó yẹn san fún ìbátan tí ẹ jọ ń gbé ilé kan, àfi tí káńsù bá gbà pé ó pọn dandan. Fún àtúnṣe ilé, Disabled Facilities Grant lè dé £30,000 ní England. Balùwẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀ ni mo ti rí i tí wọ́n fi ṣe jù.

Ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́: ọmọ ọdún mélòó ni yín? Ìyá ọdún 50 lè gbé ọmọ 22. Mo ti wà níbi tí ìyá ọdún 78 ṣubú lulẹ̀ ní ilé ìdáná, tí ọmọ rẹ̀ sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́ láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kejì, pàjáwìrì ni wọ́n fi gbé ọmọ náà lọ síbi tó ṣí sílẹ̀, ó jìn tó máìlì 90, àpò ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì bá a lọ.

Ibi méjì tí mi ò kà mọ́ ọn

Ilé ìwòsàn ọpọlọ kì í ṣe ibùgbé. Tí ẹnikẹ́ni bá fi lọ̀ yín pé kó lọ "dúró níbẹ̀ fúngbà díẹ̀" nítorí ilé kò tíì sí, ẹ béèrè ọjọ́ tó máa jáde lákọsílẹ̀ kí ẹ tó dáhùn.

Àwọn kan sì ń rò ó láti dá ọmọ padà sílé. A ní ibi tó dára fún ọmọdé: Pacelli ní Surulere ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran láti 1962, Modupe Cole ní Akoka sì wà fún àwọn tí òye wọn kò yá. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n o. Ẹni ọdún 25 tí kò gbọ́ràn, tí kò ríran, kì í ṣe òun ni wọ́n kọ́ wọn fún. Direct payment kì í wọ bàálù, PIP náà kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ 13 téèyàn bá ti jáde nílùú.

Ta ni kó mú èwo?

Tí ọmọ yín bá nílò nọ́ọ̀sì, tàbí ẹni tó ń lajú lóru, tàbí èèyàn méjì láti gbé e, care home kékeré ni kí ẹ wá, kí ó jẹ́ ti àwọn tó mọ iṣẹ́ ojú àti etí. Irú wọn kò pọ̀. Sense, tí àwọn òbí ọmọ tí àrùn rubella sọ di adití àti afọ́jú dá sílẹ̀ ní 1955, àti SeeAbility, tó bẹ̀rẹ̀ bí ilé ẹ̀kọ́ afọ́jú ní 1799, ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, bó jẹ́ fún ìmọ̀ràn nìkan. Tí ó bá jìn sílé, mo ṣì máa mú ilé tó jìn tó gbọ́ èdè ọmọ ju èyí tó wà ní ìtòsí tí kò gbọ́ ọ. Àwọn kan kò ní gbà fún mi níbi yìí, mo mọ̀.

Tí ó bá lè sọ ohun tó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́, bó jẹ́ ọwọ́ ló fi ń sọ ọ́, tí òru rẹ̀ sì dákẹ́, supported living á fún un ní ayé tó gbòòrò jù, bí ẹ bá ṣe tán láti máa ka wákàtí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òbí tí kò ní àyè láti máa bá wọn fà á, kí ó rò ó dáadáa.

Ọmọ tó jẹ́jẹ́, tí ariwo àti àjèjì ń dà láàmú, Shared Lives ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ má retí rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì. Ó lè tó ọdún kan kí wọ́n tó rí ìdílé tó bá a mu.

Kí ó wà nílé dára fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì pé 60, tí ẹ sì ní ẹlòmíràn nínú ilé. Ṣùgbọ́n kí ẹ ti máa mú un lọ sùn nílé ẹlòmíràn ní ọjọ́ méjì lóṣù láti ìsinsìnyí, kí ọwọ́ ẹlòmíràn má bàa jẹ́ ohun tó máa kọ́kọ́ pàdé ní ọjọ́ ìṣòro.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ṣáájú àpò ọ̀rọ̀ rẹ̀ débẹ̀. Ìyá kan tí mo mọ̀ ní Peckham fi àlòkù aṣọ òkè rán tiẹ̀, kí ọmọ lè mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ó gbé e fún ilé tuntun náà ní oṣù kan ṣáájú, pẹ̀lú fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí fóònù, tó fi bí wọ́n ṣe ń lo ohun kọ̀ọ̀kan hàn. Nígbà tó padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó bá àpò yẹn lórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí wọ́n gbé e sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdè rẹ̀ kò tíì tú. Ó pe sọ́ṣọ̀ wọ́kà rẹ̀ láti inú ọkọ̀, ó ní kó wá ilé mìíràn.